Màmá, Ta Ló Wọ Ẹ̀wọ̀n Ọkọ̀ Bàbá Sódì?

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìtọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn sí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ bá mi kí Dòtun, àbúrò mi, àti Àǹtí Rẹ̀mí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ara mi le. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Mańṣẹ́sítà, nílùú Òyìnbó níbí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ní ìka ẹsẹ̀.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé lè kà á. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti pè yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sunkún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ sì pa fóònù kí n tó ṣe àmín tán. Lẹ́tà ò ṣe é pa. Mo sì mọ̀ pé àwọn òbí mìíràn wà ní Sùúrùlérè níbẹ̀ àti ní Yábàá tó ń ṣe ohun tí ẹ ṣe fún mi yìí fún ọmọ tiwọn. Kí àwọn náà kà á.

Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ò mọ bàbá mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kò jagun rí, kódà ó máa ń sá fún adìyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, ọkọ̀ ogun kan kọjá níṣojú rẹ̀ ní Yábàá, ó ní ilẹ̀ mì títí eyín òun fi ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó máa ń ra àwọn ọkọ̀ ogun ìṣeré kékeré tó máa ń wà nínú páálí ní wẹ́wẹ́, tí èèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í nídìí tábìlì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Dòtun ò ní sùúrù irú ẹ̀.

Ibi ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni Bàbá kì í ti í ṣeré. Ọkọ̀ ogun kì í fi táyà rìn, ẹ̀wọ̀n ló fi ń rìn, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kàtàpílà. Rọ́bà ni èyí tó máa ń bá páálí wá, ooru Èkó sì máa ń mú un gan títí á fi já. Lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àmì kan wà bí orí ọfà. Bàbá ní, fún irú ọkọ̀ tí òun ń tò, bí èèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, orí ọfà yẹn gbọ́dọ̀ máa wo ilẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo wọ̀ ọ́ sódì lọ́jọ́ kan. Kò bá mi wí. Ó ní kí n tú u, kí n tún un tò, ó wá fi kún un pé bí mo bá rí ọkọ̀ ogun tó wọ ẹ̀wọ̀n sódì, kí n mọ̀ pé nǹkan ti ṣe awakọ̀. Ó di àwàdà láàárín àwa méjèèjì. Bí ẹ bá ti ń bínú nínú ilé, Bàbá á tẹ̀ sí mi létí, á ní wọ́n ti wọ ẹ̀wọ̀n sódì o.

Nígbà tí mo ń kúrò nílé, ọkọ̀ kan wà lórí tábìlì tí rọ́bà rẹ̀ ti já. Mo ṣèlérí pé èmi ni màá ra ẹ̀wọ̀n gidi fún un. Màmá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi yan ẹ̀wọ̀n yẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mò ń ka ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tò kọ. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe fúyẹ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, bó bá sì ti gbẹ, ó parí. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ló rọrùn jù, á kàn máa há mọ́ra wọn ni, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́. Ti irin ló wù mí. Ó wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí wíìlì bíi ti ọkọ̀ gidi, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ti wáyà tín-ín-rín bọ ihò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ tí kò gbọ̀n ló sì lè ṣe é. Mo ní kí ẹ bá mi bi Bàbá pé èwo ni kí n rà. Ẹ̀yin lẹ fèsì. Ẹ ní Bàbá ní kí n ra èyí tó bá ti rọrùn jù.

Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn. Bàbá mi ò béèrè ohun tó rọrùn rí láyé rẹ̀. Mo rò pé ẹ kàn ń ṣàánú owó mi ni. Mo ra ti irin, mo fi rán ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó ń bọ̀ nílé.

Lẹ́yìn oṣù kan, fọ́tò dé. Ẹ ní Bàbá ti tò ó tán, inú rẹ̀ dùn, ó ń súre fún mi. Ọkọ̀ náà dúró lórí tábìlì, ó kọjú sí mi gan-an. Mo ti fẹ́ fi han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí n tó rí i pé gbogbo orí ọfà ló ń wo òkè, lápá ọ̀tún, lápá òsì.

Mo pe Dòtun, mi ò pè yín. Mo ní kó gbé fóònù síwájú Bàbá kí n rí ojú rẹ̀. Ó ní Bàbá sùn. Mo ní kó jí i. Ó ní Bàbá ti jáde. Mo bi í pé ṣé ojú oorun ló ti jáde ni. Ibẹ̀ ni Dòtun ọmọ yín ti bú sẹ́kún.

Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni òun ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà fún ìtọ́jú, àti pé ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Oṣù mẹ́jọ, Màmá. Bí mo bá pè, ẹ ó ní Bàbá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Otó, tàbí kẹ́ ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà àwọn aláìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Rẹ̀mí mọ̀. Alágbàfọ̀ pàápàá mọ̀. Èmi àkọ́bí nìkan ni mo di àjèjì.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Bàbá òyìnbó kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń nu ẹnu rẹ̀, èmi ni mò ń na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa ká kò. Òun ni mo ṣe é fún ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ohùn. Lọ́jọ́ ìbí mi, ẹ fi ohùn Bàbá ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ń kí ọmọ rẹ̀ pé ọdún á yí po. Dòtun ní òun ni Bàbá fi kí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òun jẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo dá ohùn yẹn lóhùn, Màmá. Mo sọ fún Bàbá pé àárò ilé ń sọ mí, pé mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan níbí, pé nígbà mìíràn mo máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló gbọ́ ọ?

Dòtun ní ẹ sọ pé nítorí mi ni. Ẹ ní ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, pé bí mo bá gbọ́, màá sá wálé, mi ò sì ní lè padà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yan ẹ̀wọ̀n ọkọ̀, ẹ ò jẹ́ kí n yan bóyá kí n wá wo bàbá mi. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹ dárí jì mí, mi ò pè yín ní aṣeni. Òwe náà ló wá sí mi lẹ́nu, mi ò sì lè gbé e mì.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin náà ò mọ̀. Mo bi Dòtun pé kí ló dé tó fi wọ ẹ̀wọ̀n náà sódì. Ó ní òun ò wọ̀ ọ́ sódì. Bí ìwé inú páálí ṣe wí ló ṣe tò ó, ó sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó gbé e síwájú Bàbá, Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì, ó ń mi orí, ó ń fi ìka yí afẹ́fẹ́ po, títí ó fi yé Dòtun pé ó fẹ́ kí òun tú u kí òun yí i padà. Dòtun gbà pé Bàbá ló mọ̀ jù, ó yí i. Bàbá wá fi ọwọ́ òsì yẹn ti ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí ibi tí ẹ dúró sí pẹ̀lú fóònù.

Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò yẹn, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ bá Bàbá fi ránṣẹ́ sí mi pé nǹkan ti ṣe awakọ̀.

Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìwé bá fẹ́ jáde, kó jáde. Mi ò ní sọ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ fún yín. Kí ẹ̀yin náà tọ́ ọ wò bó ṣe máa ń rí. Ẹ má jẹ́ kí Dòtun fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n yẹn mọ́. Èmi àti Bàbá la jọ máa tú u.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí títí inú mi á fi yọ́ sí yín. Kó dá ọwọ́ Bàbá padà fún un. Ẹ kí Dòtun, ẹ kí Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ kí alágbàfọ̀, ẹ kí gbogbo àwọn tó mọ̀ tí wọn ò sọ. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ tẹ̀ sí Bàbá létí, kí ẹ sọ fún un pé mo rí ẹ̀wọ̀n náà, mo sì ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀