Ẹ̀rọ Atọ́nà tí Mọ́gàjí Gbẹ́sẹ̀ Lé

Agboolé Onípákó,
Beyerunka,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrìn, o kú ìfaradà Èkó. Ọlọ́run tó jí wa lórí ẹní láàárọ̀ yìí, tó sì jẹ́ kí n rí gíláàsì ojú mi níbi tí mo fi í sí, òun náà ni mo bẹ̀ pé kó máa ṣọ́ ọ lórí afárá gígùn tí o ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ara ìyá rẹ le, orúnkún nìkan ló máa ń dà á láàmú bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀. Èmi náà wà, mo ṣì ń gbé ayùn. Òrùlé ìsọ̀ mi ti ń jò o, ṣùgbọ́n a ó dé orí ìyẹn.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ò pè. Ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù sì máa ń jẹ owó èèyàn kódà nígbà téèyàn bá dákẹ́ láti mí. Àti pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń ní o wà ní mítìn, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ará mítìn gbọ́ ọ̀rọ̀ agboolé wa. Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Má fún un lówó, mo ti fún un ní búrẹ́dì.

Ẹ̀rọ atọ́nà tí o ní kí n bá ọ rà, mo ti rà á, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ awakọ̀ yẹn, má wulẹ̀ tú àpò rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe yàn án, kí o lè mọ̀ pé mi ò fi owó rẹ ṣeré.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí ní Agodi bí o ṣe júwe, bàbá tó máa ń bá àwọn èèyàn wọn ilẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kó ẹ̀rọ mẹ́ta jáde sórí tábìlì, ó ní irú iṣẹ́ wo la fẹ́ fi ṣe. Mo ní eré ni. Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún mi, pé ẹnì kan á fi abọ́ rọ́bà kékeré pamọ́ sínú igbó tàbí sábẹ́ òkúta, á gbé nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù á fi ẹ̀rọ wá a kàn, wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti rí i. Ó ní ṣé wọn kì í mú nǹkan kan lọ ni, mo ní wọn kì í mú. Ó wò mí títí, ó ní àwọn ọmọ tí a bí yìí mà kàwé jù. Èmi ò rí aburú níbẹ̀. Eré tí olè ò sí nínú rẹ̀ sàn ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí.

Àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀rọ náà dúdú, ó ń dán, ojú rẹ̀ fẹ̀ bíi fóònù, ìka ni wọ́n fi ń ra á lójú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ló pè é, mo sì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kó má baà já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ti de bátìrì rẹ̀ mọ́ inú, kò ṣe é yọ. Mo wá rò ó pé bó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú igbó ńkọ́, ta ló fẹ́ gbé iná wá bá ọ níbẹ̀. Èkejì jẹ́ àwọ̀ eérú, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí gbé àgbàdo sísè wá, a jẹ àgbàdo náà tán, ẹ̀rọ yẹn ṣì ń wá ibi tó wà. Ẹ̀kẹta jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ó kúnwọ́, bọ́tìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ìka á ti mọ̀ ọ́n láìwò ó, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ló ń lò, èyí tí o lè rí rà ní abúlé tí kò ní ju ilé mẹ́ta lọ. Ojú rẹ̀ ò rẹwà, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ló ń hàn sí i. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí jù ú sínú garawa omi, ó yọ ọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn pé mi ò tíì sanwó nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún ló pè é, a ná ọjà náà títí a fi dé ọgọ́rùn-ún, ó sì ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ó tún kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé, ó gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọ̀run, nítorí àwọn kan tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì wà lókè tí wọ́n gbé síbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ó kéré tán gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè sọ ibi téèyàn wà. Mo ní ṣé wọ́n ń rí aṣọ ọrùn wa. Ó ní rárá, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́. Mo ti bọ́tìnì ẹ̀wù mi, mo ṣí fìlà. Kọ́ọ̀tù gan-an, ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń béèrè.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Káfíńtà tí kò bá yẹ pákó wò kó tó kan án, ọmọ ẹlòmíràn ló máa jókòó lórí àga yẹn. Nítorí náà láàárọ̀ Sátidé, bí a ṣe ń ti ibi àdúrà dé, mo mú ẹ̀rọ ìyeyè náà jáde. Mi ò tíì bọ́ sùtánà, mi ò sì tíì wọ bàtà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e sókè, mo tẹ̀ ẹ́, mo kọ nọ́ńbà. Mo rìn dé Mápó, mo padà, mo tún tẹ̀ ẹ́ lójú kan náà, ìparí nọ́ńbà náà ti yí padà díẹ̀. Kò dùn mọ́ mi. Mo ní kí n mọ̀ bóyá gbogbo ibi ló ti ń purọ́ ni àbí ẹnu ọ̀nà mi nìkan. Mo wá lọ dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojúde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo dúró níbi tí a sin bàbá bàbá mi sí, mo ń gbé e sókè, mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sára pákó.

Ìyá Ìtùnú, ìyàwó Mọ́gàjí wa, ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́ òun rò pé àdúrà ni mò ń gbà, òun tilẹ̀ ti ṣe àmín. Ìgbà tí òun rí i tí mò ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni òun mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. O mọ bó ṣe rí níbí. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì wíwó sára ilé àwọn kan ní ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mú ohun ìwọ̀n dání nínú agboolé ti di ọ̀tá. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní mo ti ta ojúde fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mọ iye tí mo tà á. Bọ́ọ̀dà Ọláyíwọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a jọ dàgbà lórí ẹní kan náà, kọjá lára mi, kò kí mi. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tí mo ti dé ayé, mi ò jí àbẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yìí. Ìyá rẹ ò lè jẹun.

Ní àná, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́gàjí ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo ilé ti kún pálọ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí ní ẹ̀rọ ta ni, mo dárúkọ rẹ, mo ní ti Ìkẹ́olúwa ọmọ mi ni. Ó ní Ìkẹ́olúwa tí kò wálé láti ọdún mẹ́rin. Mo ní òun ni. Ó ní bí ẹni tí kò wálé láti ọdún mẹ́rin bá ṣàdédé fẹ́ mọ nọ́ńbà ilé, kí ni kí àwọn rò. Mo ní kì í ṣe ilé lo fẹ́ wá, abọ́ lo ń wá, o ti wá a dé Ẹ̀pẹ́, o ti wá a dé Abẹ́òkúta. Kò yẹ kí n sọ ti Abẹ́òkúta yẹn. Bọ́ọ̀dà Ọláyíwọlá ní áà, ọmọ wa dé Abẹ́òkúta lọ wá abọ́, kò lè yà kí ìyá rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi eré náà hàn wọ́n. Mo gbé agolo mílíìkì pamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná Ìyá Ìtùnú, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo gbé e fún Bọ́ọ̀dà Ọláyíwọlá. Ó tẹ̀ lé ọfà tó wà lójú rẹ̀, gbogbo ilé tẹ̀ lé e. O ò sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà lè fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ṣìnà. Kò lọ sẹ́yìn ògiri, ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná gan-an ló dúró, ẹ̀rọ sì dún pé òun ti dé. Ìyá Ìtùnú gbé ọmọrògùn, ó kọjú sí mi, ó ní Dáfídì, o ti ta ilé ìdáná mi mọ́ ọn. Ó di ariwo. Mọ́gàjí gba ẹ̀rọ náà, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

A padà sí pálọ̀. Mọ́gàjí ní òun ò ní gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu aṣojú, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó wá ní kí n júwe rẹ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà dá ọ dúró bí àlejò. Mo ní o tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ gùn dé èjìká. Ìyá rẹ ní o ti gé irun. Mo ní ta ló sọ fún un, ó ní òun rí i nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ti di abọ́ rọ́bà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mọ́gàjí ní ṣé o ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ ní fọ́tò náà ò kọjá ọrùn.

Mọ́gàjí wá ní òun ti gbà pé mi ò ta ilẹ̀. Ó ní bàbá tí kò mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí kò lè máa bá a gbìmọ̀ pọ̀. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Bọ́ọ̀dà Ọláyíwọlá dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má bínú. Báyìí ni mo ṣe jàre, Àjíkẹ́. Mi ò jàre ẹjọ́ tó dùn mí tó èyí rí.

Ẹ̀rọ rẹ ṣì wà nínú àpótí, kò sì ní jáde àfi kí o wá. Nínú àádọ́jọ tí o fi ránṣẹ́, ó ku àádọ́ta ẹgbẹ̀rún. Inú rẹ̀ ni mo ti yọ owó ọkọ̀ Agodi àti ti páálí màlítì kan tí mo fi bẹ Ìyá Ìtùnú. Fi nǹkan díẹ̀ kún un fún mi, páànù mẹ́fà ni òrùlé ìsọ̀ máa gbà, ìyá rẹ náà sì ń fẹ́ òróró tí wọ́n fi ń ra orúnkún. Bí kò bá sí owó, wá bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run má fi ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dán wa wò. Kó bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó fún ọ ní ọkọ rere tí a ó mọ̀. Bí o bá sì dé ẹnu ọ̀nà, kí ojú mi tètè mọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
David Ọláyínká, káfíńtà.