Agbọ̀n Búrẹ́dì Tí Mo Gbà Lójú Ọjà

Ilé Àwọn Sístà,
San Bernabé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1999.

Kọmádírè mi àtàtà, Dominga,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ nínú oko kọfí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ara yín le? Ṣé ibà ti fi yín sílẹ̀? Mo gbà á ládùúrà kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Ọwọ́ tí ẹ rí yìí kì í ṣe tèmi. Petrona ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Petrona ọmọ ìsàmì yín, tí ẹ gbé dání lọ́jọ́ tí fadá da omi ìsàmì lé e lórí, tí èmi àti ẹ̀yin fi di kọmádírè ara wa, tí ọkọ yín sì di kọmpádírè mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò lè di kálámù mú mọ́. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ ti kúrò ní Chuisaq, abúlé wa, kí ẹgbẹ́ aláàánú kan tó dé. Wọ́n ní àwọn èèyàn kan wà ní Àríwá, nílẹ̀ òyìnbó, tí olúkúlùkù wọn fẹ́ mú ọmọ aláìní kan, kí ó máa san owó ilé ìwé rẹ̀, kí ó máa ra oògùn fún un. Ọmọbìnrin tí wọ́n rán sí wa ò gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó wá orúkọ tí yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí, kò rí i, ló bá ní, "Ẹ ṣáà pè é ní bàbá ìsàmì. Bàbá ìsàmì tó ń gbé ọ̀nà jíjìn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Doña Micaela tó ń ta tòmátì ní, "Ọwọ́ ẹ̀ mà gùn o, tó fi lè da omi lé ọmọ lórí láti ọ̀hún." Àwàdà lásán ni nígbà náà. Ẹni tó bọ́ sí ti Petrona ni Don Walter. Mi ò ní purọ́, láti ìgbà tí òkè ti ya lu bàbá ọmọ yìí pa, ọkùnrin yẹn nìkan ló bá mi fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ọpẹ́ rẹ̀ ni ọmọ fi mọ ìwé tó ń kọ sí yín yìí.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Don Walter fúnra rẹ̀ yọ sí wa. Àgbàlagbà ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tó bá rí, títí kan àwọn tòlótòló. Lisandro, awakọ̀ ẹgbẹ́ náà, ló gbé e wá, òun náà ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìlú ni Lisandro, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni. Ó máa ń pè mí ní ìyá ìyàwó, ó ní òun ń dúró de Petrona kó dàgbà, mo sì máa ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó tó wà nílé rẹ̀. Lisandro ló gba àlejò nímọ̀ràn pé kó má wá lọ́wọ́ òfo. Ló bá gbé agbọ̀n búrẹ́dì dání, àti ṣokoléètì, àti bàtà tuntun fún ọmọ.

Ẹ̀yin mọ ohun tí Lisandro ò mọ̀. Bí bàbá ọmọ bá kú lọ́dọ̀ wa, tí bàbá ìsàmì bá gbé búrẹ́dì àti ṣokoléètì wá bá ìyá, tó sì mú bàtà wá fún ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ ló wá mú lọ tọ́. Bí ìyá bá ti gba agbọ̀n, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo gba agbọ̀n náà lójú gbogbo ọjà, mo sì dúpẹ́. Àlejò gbé oúnjẹ wá, kí ni kí n ṣe? Kí n jù ú sí i lójú? Orí mi ò lọ sí ibi bàtà rárá.

Don Walter wá rí etí Petrona tó ń ṣọyún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ fà ro, ó bá Lisandro sọ̀rọ̀. Ariwo ọjà pọ̀, Lisandro sì gbé ohùn sókè ní èdè Sípéènì pé, "Bàbá ìsàmì fẹ́ mú un lọ sí ìlú lónìí yìí, kí dókítà wo etí ẹ̀." Ẹ mọ bí a ṣe ń gbọ́ Sípéènì ní Chuisaq. "Bàbá ìsàmì" àti "mú un lọ" ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́. Doña Micaela dìde nídìí tòmátì rẹ̀. Nígbà ogun, ọkọ̀ ṣọ́jà kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní àwọn ń mú wọn lọ fún ẹni tí yóò tọ́ wọn, títí dòní kò gbúròó wọn. Kò pariwo. Ó ní, "Wọ́n tún ti dé," ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo.

Kọmádírè, mi ò mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń gbàdúrà lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Gaspar ló ṣáájú wọn, àdá lọ́wọ́. Ó ní, "Catarina, èló lo tà á?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, etí ọmọ ló fẹ́ lọ wò." Ó ní, "Nítorí etí ló ṣe gbé búrẹ́dì wá? Bàtà yẹn ńkọ́, ṣé etí ló fẹ́ fi wọ̀ ọ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Lisandro sáré sídìí ọkọ̀, wọ́n fi irun fà á padà. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi, èmi náà bímọ," òkò kan sì bà á lẹ́nu, eyín rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi igi lù ú títí apá rẹ̀ fi kán. Wọ́n fa epo láti inú ọkọ̀ tó ń wà, wọ́n dà á sí i lára, wọ́n sì ṣáná sí i nígbà tó ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Ó sáré díẹ̀ láàárín àwọn ìsọ̀, àwọn obìnrin sì ń fi agbọ̀n lé e sẹ́yìn kí iná má ran ọjà wọn. Ọmọ ní òun ò fẹ́ kọ ibí yìí. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ṣáà rí i, ohun téèyàn bá rí tí kò sọ, inú rẹ̀ ló máa ń rà sí.

Wọ́n wá kọjú sí Don Walter. Ọ̀pá kan bà á lójú, ojú náà fọ́. Ó ṣubú lé orúnkún, àmọ́ kàkà kó fi ọwọ́ bo orí ara rẹ̀, Petrona ló da ara bò kí òkò má bà á. Ìyẹn ló tún mú wọn ya wèrè. Wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ wò ó! Kò tiẹ̀ fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀!" Wọ́n ń ta á nípàá, wọ́n ń fi òkò lù ú lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ igbe ọmọ mi lábẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu. Mo ní, "Kọmpádírè mi ni! Kọmpádírè mi lẹ ń lù lójú mi!" Ẹ mọ̀ pé mi ò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí àfi ọkọ yín. Ẹni tó bá lu kọmpádírè èèyàn lójú rẹ̀ ti lu omi ìsàmì. Àwọn àgbà sọ òkò wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àdá Gaspar ti wà lókè, mo sì ti na ọwọ́ láti dá a dúró. Àwọn ìka mi bọ́ sórí òkúta. Gaspar tó pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé wo ìka mi nílẹ̀, ó sì bì.

Àwọn Sístà gbé wa kúrò níbẹ̀. Ojú kan ló kù fún Don Walter, wọ́n ti gbé e padà sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó gbà á là ló dá mi lẹ́bi. Wọ́n ní tó bá jẹ́ kọmpádírè mi lóòótọ́, a jẹ́ pé agbọ̀n yẹn kì í ṣe àṣìṣe, mo mọ ohun tí mo gbà. Kí a tó dé San Bernabé ni wọ́n ti dáná sun ilé mi, wọ́n pa àwọn àgùntàn mi sínú kànga. Gaspar ránṣẹ́ pé ọmọ tí wọ́n ti tà kì í padà wálé, àti pé tí mo bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, òun ò ní ṣi ọwọ́ gé nígbà kejì. Mo ń bínú sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo tún ń sunkún nítorí Doña Micaela àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n kó lọ.

Ìyá Lisandro wá bá mi níbí. Ó bi mí bí ọmọ òun ṣe kú. Mo sọ fún un. Màá sọ ọ́ níwájú adájọ́ pẹ̀lú, màá sì dárúkọ, ti Gaspar ni màá fi ṣáájú. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, kọmádírè mi, ẹ wá mú Petrona. Ẹ mú un kí n tó dé iwájú adájọ́. Don Walter ò gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ní àwọn ń gbà á sílẹ̀ ló gbà á.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ò ní fi ojú rí irú ọjọ́ yìí láé. Ẹ ó jẹun ọmọ yìí bí ẹni tó bí i.

Èmi ni kọmádírè yín, ẹni tí ẹ bá gbé ọmọ dání,
Catarina.

Àfikún: Ìyá ìsàmì mi, èmi Petrona ni. Màámi ti sùn. Wọ́n ní kí n fi kún un pé inú mi dùn láti máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mi ò kọ ọ́, nítorí kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé, màá tẹ̀ lé yín. Màámi ní nítorí mi ni àwọn ò tíì fi lọ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ìyá Lisandro sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ó ń dúró dè wọ́n.