Àgbàlagbà Tó Dé Nínú Páálí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, màmá rẹ kí ọ, orúnkún mi tó ń dùn mí náà ì bá kí ọ ká ní ó lẹ́nu. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó bá ń fi ọpọlọ wá ìdí ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa jẹun. Ọlọ́run tó dá orí tí ò ń kọ́ nípa rẹ̀ kò ní jẹ́ kí orí tìrẹ fọ́ ọ. Àlàáfíà la wà níhìn-ín, àfi ẹsẹ̀ àga kan tó kán, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Páálí tí o fi ránṣẹ́ dé. O kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí n má bẹ̀rù, pé ẹ̀dà agbárí ni, pé ojúlówó rẹ̀ ti di òkúta, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní yunifásítì yín. Ó yé mi, mo ka ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n fọ́tò èèyàn náà, ẹ̀dà ni, a kì í sì í gbé fọ́tò àgbàlagbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí náà mo gbé wọn sórí tábìlì ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbà tí o gboyè, mo sì kí wọn káàbọ̀. Atẹ́gùn fèrèsé ń fẹ́ sí wọn lórí, ni mo bá rán fìlà kan fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n orí tèmi ni mo fi gé e, ó sì bò wọ́n dé imú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Orí àgbàlagbà ló kéré tó báyẹn, àbí ẹ ò tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀ ni? Màmá rẹ ní kí n yé da ara mi láàmú, pé òkú kì í rù. Èmi náà mọ̀, àmọ́ bá mi béèrè.

Ní ti ọjọ́ orí wọn, mo rò pé òdo tó wà nínú iye ọdún tí o kọ sí mi lórí fóònù ti pọ̀ jù. Mo ní bóyá ebi ń pa ọ́ nígbà tí ò ń tẹ̀ ẹ́, tí ìka rẹ ò sì tètè kúrò lórí fóònù. Kí káfíńtà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi má baà pè ọ́ ní òpùrọ́, mo sọ fún un pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni. Ó ní ṣé torí àtiwo ihò orí òkú ni mo ṣe rán ọmọ níwèé tó báyìí. Mo ní òun náà ń wo ihò igi láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó bi í.

Àfi ìgbà tó di Sátidé tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ wá mọ̀ wá nílé. A ti kí ara wa tán, wọ́n ti jókòó, ni ìyá ọkọ rẹ rí àgbàlagbà tó dé fìlà dé imú. Ó rọra béèrè pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tí ọmọ wa ń bá ṣiṣẹ́ ni. Bàbá ọkọ rẹ, tó jẹ́ awakọ̀ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì, fò dìde, ẹsẹ̀ àga sì kán. Ó ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ nílé tí wọ́n ti ń fi agbárí gba àlejò. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ mi. Mo rí ìgbéyàwó rẹ tó ń wọ bàtà.

Ni mo bá ṣí fìlà, mo dojú orí náà dé, mo ní kí bàbá jọ̀ọ́ ti ìka bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo sọ ọ́ bí o ṣe kọ ọ́ sí mi, pé ọpọlọ kì í pẹ́ jẹrà, ṣùgbọ́n ó ti fi ipa sílẹ̀ lára egungun, bí ẹni tó sùn sórí tìmùtìmù, tó dìde lọ, tí ibi tó sùn sí ṣì jìn wọnú. Mo ní ipa yẹn lọmọ mi ń kà, láti ìgbà tí ọpọlọ ti kéré títí tó fi gbòòrò di irú tiwa. Bàbá ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka náà rìn lọ rìn bọ̀. Ó wá bi mí pé ọdún mélòó ni.

Ọ̀ọ́dúnrún ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá wo fọ́tò rẹ lórí tábìlì, mo sọ fún ara mi pé bí bàbá ọmọ bá ń gé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kúrú, ta ni yóò bá a sọ ọ́ délẹ̀? Mo mú fóònù, mo ka ohun tí o kọ síta, mo dá gbogbo òdo padà sí àyè wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọdún.

Bàbá jókòó padà, lórí àga mìíràn. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyàwó òun ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú orí òun, pé tí ìyàwó ọmọ òun bá dé, kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé tó ní òǹtẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ ní kó má wulẹ̀ yọ ọmọ lẹ́nu, òun mọ èsì. Ìyàwó ọmọ òun ni bàbá pè ọ́ o. Màmá rẹ gbọ́, èmi náà gbọ́.

Bí nǹkan bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹsẹ̀ àga. Káfíńtà ti wá ti ìka bọ orí náà, ó sì yìn ọ́ gan-an, àmọ́ kò yọ ìyìn kúrò nínú owó iṣẹ́. Fi ìwọ̀n orí ojúlówó ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí n rán èyí tó bá wọn mu, torí inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa tutù. Ẹ̀rọ tí o ní ó ń wo inú òkúta láìfọ́ ọ yẹn, bó bá sinmi lọ́jọ́ kan, jẹ́ kó bá mi wo orúnkún.

Ibi yòówù kí o jókòó sí láyé yìí, ipa rẹ kò ní parẹ́. Bí àwọn kan bá ti ìka bọ ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, wọn á mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n kan gbé ibẹ̀ rí, wọn á sì ka òdo rẹ̀ pé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.