Káàdì Inú Àpótí

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn ti ń rìn, àbí ó ṣì ń wọ́ ìdí kiri bí ìyá rẹ̀ ní kékeré? Tiwa kò burú. À ń jẹ, à ń mu, a sì ń bára wa jà bó ṣe yẹ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé wọ́n ti fún ìwọ náà ní káàdì ìnṣọ́ránsì ìlera níbi iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n o ní ẹ̀fọ́rí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti oṣù méjì, o kò sì tíì lọ síbì kankan, pé o ti fi káàdì náà síbi tó dára di ọjọ́ tí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀. Ibi tó dára yẹn gan-an ló mú mi gbé bírò. Jókòó, kí n ròyìn ọkọ mi káfíńtà fún ọ.

Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀gá wọn ti forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, títí kan ìyàwó àti òbí wọn. Káàdì mẹ́ta ló wọlé wa. Ìyá ọkọ mi gba tiwọn, ó deré. Lónìí ẹ̀yìn, lọ́la etí, ọ̀túnla wọ́n á ní ìka ẹsẹ̀ àwọn ń yún àwọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ ìró bàtà wọn. Bẹ́ẹ̀ kí káàdì tó dé, ìyá yìí kan náà ló máa ń fi aṣọ di orúnkún tó wú, wọ́n á ní kò dun àwọn.

Ọkọ mi wá ńkọ́? Ó fi ọ̀rá wé tiẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ tó fi gbé mi níyàwó. Ó ní àìsàn ńlá lòun fi pamọ́ dè. Lójú tiẹ̀, bíi káàdì ìpè ni: bí èèyàn bá ṣe ń lò ó ló ń tán.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ọ̀rẹ́ mi, omi! Jọ́ọ̀gì kan kò tó o. Bẹ́líìtì rẹ̀ gba ihò tuntun méjì. Mo ní kó lọ ṣàyẹ̀wò, ó ní oòrùn ló mú. Àfi ọjọ́ tó kan àga wálé fún ìyá rẹ̀, tí àga ń mì jìgìjìgì. Ẹni tó ń fi ojú lásán wọn pákó tí kì í ṣìnà! Ó ní ilẹ̀ pálọ̀ ni kò tẹ́jú. Ó gbé e lọ sí yàrá, ó ń mì. Ó gbé e lọ sí kíṣíìnì, ó ń mì. Ó gbé e bọ́ síta, ó ní gbogbo ilẹ̀ àdúgbò yìí ni kò tẹ́jú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbi iṣẹ́. Mo bá a tó ń fi ìka wá ìlà tó fi pẹ́ńsùlù fà sórí pákó, ẹ̀rọ ìlagi sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Káfíńtà tí kò ríran, iṣẹ́ wo ló kù tó fẹ́ ṣe, ká má tiẹ̀ sọ ti ìka ọwọ́?

Mo sáré lọ bá ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n ṣáà lọ tú àpótí. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún wọn dé. Wọ́n ń ké yéè, wọ́n ní àfi kí ọmọ àwọn sin àwọn dé ọsibítù. Ta ló máa kọ̀ fún ìyá rẹ̀? Bí nọ́ọ̀sì ṣe pè wọ́n, wọ́n dìde fìrì, wọ́n ti ọmọ wọn jókòó, wọ́n fa káàdì rẹ̀ yọ nínú àpò tiwọn. Wọ́n ní, "Òun lẹ máa wò. Orúnkún tèmi le bí irin."

Nọ́ọ̀sì gún un níka. Ìtọ̀ ṣúgà ni, ó sì ti ń kan ojú. Dókítà ní ká ní ó tún pẹ́ sí i ni, ojú náà lè lọ. Ọkọ mi kọ́kọ́ bèèrè bóyá káàdì ti tán. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá padà wá lọ́la, káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wá bèèrè bóyá àìsàn ńlá nìyí. Dókítà ní, "Kékeré ló wà nígbà tẹ́ ẹ fi káàdì pamọ́ dè é." Oníṣẹ́ igi tó ń fi gbogbo ìgbà sọ fáwọn ọmọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò wá rọra ti káàdì náà bọ àpò àyà rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Ó ń lo oògùn, wọ́n ń tọ́jú ojú rẹ̀, ó sì ti ń rí ìlà pẹ́ńsùlù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún ẹsẹ̀ àga yẹn gé, ó dúró ṣinṣin. Ìyá rẹ̀ ló jókòó lé e bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi gbé àbíkẹ́yìn jó díẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí rẹ sétí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kí o múra láti sin àwọn dé ọsibítù àdúgbò yín. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn gan-an.

                                        Èmi tìrẹ tí kì í panu mọ́,
                                        Aláròyé.