Sípíkà Tí Ìyá Rẹ Fi Gbọ́ Ọwọ́ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Kékeré,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ nígbà tí o ti jẹun. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò jẹ́ kó lè rin ìrìn àjò mọ́. Èmi ṣì ń tún píánò onípíánò ṣe kiri, bí o ti mọ̀ mí.

Ohun kan ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Ìyá rẹ tó kọ́ ọ ní píánò láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga, kò fẹ́ gbọ́ àwọn orin tí o ń fi ránṣẹ́ mọ́. Bí mo bá ti fi sí i lórí fóònù báyìí, yóò ní, "Ẹ pa á. Ọwọ́ ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ṣíbí ni wọ́n ń lù mọ́ ife." Kò lè wá wò ọ́ mọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, kí ló wá kù? Ni mo bá pinnu pé màá ra sípíkà gidi sílé.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta sípíkà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tan èyí tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi orin onílù sí i, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò wá ra ààrá." Mo fún un ní orin rẹ ti oṣù tó kọjá, èyí tí ìwọ nìkan tẹ̀. Nínú onígíga yẹn, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Èyí tó tẹ̀lé e dùn bí oyin, kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Òun ni mo rù wálé.

Àṣìṣe oníṣẹ́ ni mo ṣe. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń lé ariwo kúrò nínú píánò, kò yani lẹ́nu pé sípíkà tó ń fi ariwo pamọ́ ni ọkàn mi fà sí. Ìyá rẹ gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, "Ó dùn o. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. 

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo dijú, mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà dín ohùn orin kù, torí píánò tòótọ́ kì í di nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n bá rọra tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣọ́. Òòlù kékeré inú píánò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan okùn irin, kí ohùn tó jáde, kí ó sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tó ti dìde tán tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Sípíkà márùn-ún ló kùnà. Ìkẹfà kéré, kò dán, eruku ti bò ó. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí o ṣe mí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ àga rẹ tó ń ké. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, gbogbo jágbajàgba ni èyí máa ń gbé jáde." Mo ní, "Bá mi dì í."

Nílé, mo fà á kúrò lára ògiri, mo gbé e sókè títí ó fi bá etí ìyá rẹ dọ́gba níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ń bá mi jà pé mo ti tú pálọ̀ òun ká. Bí orin rẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ìjà sílẹ̀. Ó dijú, àwọn ìka rẹ̀ ń rìn lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Òun nìyí. Ọmọ mi ti wọlé." Inú mi dùn débi pé mo kọjú sí fèrèsé kó má baà rí omijé mi.

Ó ní kí n tún un fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbọ́ ọ, ibì kan náà ló sì ń dá mi dúró sí. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá ọmọ yìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń dùn ún." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣebí lọ́sẹ̀ tó kọjá lo sọ fún wa pé ara rẹ le koko. Ó ní ìka tó kéré jù kò ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tó tẹ̀lé e ló ń sáré bá a ṣe é, o sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ píánò kí ohùn lè gùn, kí àwọn èèyàn má baà fura. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ìyá Kékeré, a ò bínú sí ọ. Ohun tó dùn wá ni pé ò ń dá ìyà jẹ, o sì ń rẹ́rìn-ín sí wa lórí fóònù. Bó ti wù kí ọmọ dàgbà tó, ọmọ náà ni lójú òbí rẹ̀. Wá sílé, kí a jọ lọ rí dókítà. Kò sẹ́ni tó máa ní kí o tẹ píánò. Mo ti pa ìdérí rẹ̀ dé.

Kí Ọlọ́run fọwọ́ ìwòsàn kan ìka rẹ. Kí o má fẹsẹ̀ kọ lọ́nà bí o ti ń bọ̀. Kí ohun tí o fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ kọ́ má bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Atúnpíánòṣe.

Àfikún: Ìyá rẹ ní bí o bá tún fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, má kọ ọ́ sínú ìwé o. Kí o fi ohùn ara rẹ sọ ọ́, kí o gbà á sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́. Òun ti jókòó síwájú sípíkà.