Ẹ̀yin Tí Ẹ Dọ̀bálẹ̀ fún Fóònù

Bàámi, ọdún méjì rèé. Ọdún méjì géérégé tí ẹ bọ́ téèpù lọ́rùn, tí ẹ gbé e lé orí máṣínnì, tí ẹ ní ẹ ń lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ padà wá gé ṣòkòtò ọkùnrin gàgàrà yẹn. Ẹ ò padà wá. Ọkùnrin gàgàrà dúró títí, ó sú u, ó ní ká bá òun gé e. Èmi ni mo gé e. Ẹ má bínú, Bàámi, ó ti di ti àbúrò rẹ̀.

Màámi ló ní èmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí yín yìí. Ó yẹ kó jẹ́ Àǹtí mi, torí òun ló kàwé nílé wa. Èmi tí mo bá ilé-ìwé jà ní kíláàsì kẹrin, tí ilé-ìwé sì borí, kí ni mo mọ̀? Àmọ́ Màámi ní èmi ni, ó sì nídìí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, torí ẹni tó jẹ̀bi kì í tètè débi tí ọ̀rọ̀ wà.

A ti parí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ rántí bí ihò fèrèsé yẹn ṣe wà láìsí fèrèsé fún ọdún mẹ́fà, tí ewúrẹ́ aládùúgbò ń yọjú wò wá bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n? Fèrèsé ti wà níbẹ̀ báyìí. Ewúrẹ́ náà ṣì ń wá. Ojú ara rẹ̀ ló ń wò nínú gíláàsì, ó sì jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àbíkẹ́yìn yín ti ga, orí rẹ̀ ti ń kan àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wọ kíláàsì karùn-ún. Ó ti kọjá mi, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ṣọ́ọ̀bù ò tì, Bàámi! Àwọn oníbàárà mẹ́ta sá lọ nítorí ọwọ́ mi, méjì ti padà. Ẹni kẹta máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kó má bàa rí mi, pẹ̀lú apá ẹ̀wù tí mo rán fún un, tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ.

Ó wá ku Àǹtí mi. Kápútéènì yín.

Ẹ̀yin mọ bí dídúró de ìpè iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn míì tó máa ka èyí lè má mọ̀. Àǹtí mi parí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ bàálù wíwà, ó gba láísẹ́ńsì, ó lọ ṣe ìdánwò ní ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kan tó ní bàálù mẹ́rin péré, tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn nígbà gbogbo. Ọ̀gá àwọn páílọ́ọ̀tì ibẹ̀ ní ó yege, kó lọ máa retí ìpè nílé, pé tí bàálù kẹrin bá ti ti ọwọ́ mẹkáníìkì dé, àwọn á pè é. Àǹtí mi wálé, ó sì ṣe bí ọ̀gá náà ṣe ń sọ̀rọ̀ fún wa. Ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu. Tó bá parí gbólóhùn kan, á ní, “Ṣé ó yé wa?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Bàámi, ẹ di ikùn mú.

Kò yẹ kó ṣe é lójú mi. Ta ló ń fi ẹran han ajá, kó tó ní kó má jẹ ẹ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ mí ní Rédíò, torí kò sí ohùn tí mi ò lè gbé jáde: ti olùkọ́ mi, ti ìyá onílé, ti ewúrẹ́ yẹn pàápàá. Ewúrẹ́ náà dá mi lóhùn rí.

Oṣù kan kọjá, ó di mẹ́ta, ó di méje. Ìpè ò wá. Àǹtí mi gba bébà tí ẹ fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó ya gbogbo bọ́tìnnì àti aago tó máa ń wà níwájú páílọ́ọ̀tì sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lójoojúmọ́ tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò tán, á wá jókòó síwájú rẹ̀, á máa fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbàgbé. Tí oníbàárà bá kí i tí kò dáhùn, ẹ̀yin lẹ máa ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ á ní kí wọ́n má bínú, ó wà lókè, kí wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ balẹ̀.

Bàámi, mo ti dé ibẹ̀ báyìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lọ, mo yá fóònù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èrò mi ni pé Àǹtí mi ló máa gbé e, pé á mọ ohùn mi kí n tó sọ gbólóhùn méjì, á bú mi, á sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo búra fún yín, ohun tí mo fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lójú fèrèsé, mo pè é. Mi ò mọ̀ pé ó ti lọ wẹ̀, tó fi fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì yín. Ẹ̀yin lẹ gbé e.

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní èmi ni ọ̀gá àwọn páílọ́ọ̀tì. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín, ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ẹnu mi, kò ní bíréèkì. Mo ní bàálù kẹrin ti dé, kí ọmọbìnrin yẹn wá lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ní ṣé ó yé wa?

Mò ń wò yín láti ojú fèrèsé. Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ fi fóònù mọ́ etí, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àjákù aṣọ, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ̀yin tí ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ mú àbẹ́rẹ́ nílẹ̀ láìpe ọmọ. Ẹ ní, “Ẹ ṣé o, ọ̀gá mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gidi, ẹ ò kàn rí mi ni.”

Mo rí yín.

Bàbá ló dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Tí èèyàn bá lá irú àlá bẹ́ẹ̀, á jí, á lọ bọ́jú. Ó yẹ kí n ju fóònù yẹn nù, kí n sáré wọlé, kí n gbé yín dìde. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ fi gbogbo iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, ẹ rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un, ti páílọ́ọ̀tì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa ń fi sí èjìká. Ẹ gbé e fún mi kí n bá yín rán bọ́tìnnì rẹ̀. Bọ́tìnnì méje ni. Ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mo ní màá sọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo ní ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná. Mo parí rẹ̀. Mi ò sọ.

Àǹtí mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ó lọ. Akọ̀wé wọn ní kò sẹ́ni tó pè é, àti pé ọ̀gá ò sí nílùú. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin. Ìgbà tó wá pe nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ padà, onígbàjámọ̀ ló gbé e, ó bi í pé ṣé gbogbo orí ló fẹ́ fá ni àbí ẹ̀gbẹ́ nìkan.

Ó dé, ó sọ fún yín pé wọ́n ní bàálù ṣì ku irin kan. Lẹ́yìn náà ó fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó ní, “Má sọ fún Bàámi láé. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ ná. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni, ibo ni wọ́n fẹ́ fojú sí?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pa á mọ́ra. Ìgbájú ì bá sàn fún mi. Torí àtọjọ́ yẹn ni ẹ ti ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà pé ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀ ló bá yín sọ̀rọ̀, pé ẹni tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ò ní já yín kulẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó wá gba ìró àti bùbá. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè irú èèyàn tí ọ̀gá náà jẹ́, ẹ ní ọkùnrin pàtàkì ni, ohùn rẹ̀ nìkan tó èèyàn méjì. Èmi ni mo jókòó tì yín, tí mo di ife omi mú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ lò níbẹ̀. Ọ̀sán ni ẹ lọ, ẹ ṣì ń retí mi pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì.

Ọdún méjì, Bàámi. Ọdún méjì tí Àǹtí mi tún fi dúró. Bébà orí ògiri gbó, ó ya òmíràn. Ó ń lọ ṣe àyẹ̀wò ojú àti ti ara lọ́dọọdún kí láísẹ́ńsì má bàa kú. Èmi ò ṣe ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ewúrẹ́ nìkan ló kù tí mò ń ṣe, ìyẹn náà tó bá kọ́kọ́ kí mi.

Lóṣù tó kọjá, ìpè dé. Ìpè tòótọ́. Àǹtí mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń sá aṣọ. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ẹni náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ni ọ̀gá àwọn páílọ́ọ̀tì, bàálù ti dé, ṣé ó yé wa? Bí ìgbà tí èèyàn gé aṣọ méjì lórí àwòṣe kan ni. Gbogbo ohun tí Àǹtí mi ti gbé mì látọjọ́ yẹn bá jáde. Ó pariwo mọ́ fóònù pé, “Ìwọ ẹran yìí, Bàámi ti kú. Ta lo tún fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ?”

Ó ń pariwo bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kó lè ká mi mọ́ ibi tí mo sá sí. Ó bá mi nídìí máṣínnì, ọwọ́ mi méjèèjì lórí aṣọ, pín-ìnnì mẹ́fà lẹ́nu mi. Ó wo ẹnu mi. Ó wo fóònù. Láti inú fóònù, ẹnì kan wúkọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gé e.

Àǹtí mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pè padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò gbé e. Ó ní ó ti parí, òun ò ní gbé ojú òun dé ibẹ̀ mọ́, ta ló máa fún ẹni tó pe ọ̀gá ní ẹran ní bàálù wà? Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo lọ sí ilé-iṣẹ́ bàálù náà, mi ò sọ fún ẹnì kan. Wọ́n wà lókè ilé kan tí vọkanáísà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ṣètò irọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Nínú ọ̀kan, Àǹtí mi ní ìbejì kan tó ya wèrè. Ọ̀gá náà kéré sí ohùn rẹ̀. Omi gbígbóná ló ń mu. Kí n tó la ẹnu, ó bi mí pé ta ni bàbá tó kú. Irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ. Mo sọ fún un bó ṣe rí, látorí ikọ́ títí dórí bọ́tìnnì.

Ó ní kí n ṣe ohùn náà kí òun gbọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà. Ó ní òun ò jọ̀ọ́. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ṣé ó yé wa, akọ̀wé sì dáhùn láti yàrá kejì pé ó yé òun sà, ó gbé fáìlì wọlé, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ẹ kú pẹ̀lú èrò pé òun lẹ bá sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá òun dá yín lóhùn dáadáa.

Ó ní kí Àǹtí mi wá lọ́jọ́bọ̀, pé ká ní bàbá tòun ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún, ohun tí òun máa pe ẹni náà á burú ju ẹran lọ. Ó ní kí èmi má gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ láyé mi.

Àǹtí mi ò gbà mí gbọ́. Àfìgbà tí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà dé kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, tó fi èékánná ha òǹtẹ̀ rẹ̀ wò bóyá èmi ni mo yà á. Òǹtẹ̀ ò ṣí. Ó lọ lọ́jọ́ náà, ó sì ti ku ọjọ́ mẹ́fà báyìí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wá sọ fún Màámi. Aṣọ ni wọ́n ń ká. Wọ́n ká gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. Wọ́n ní, “Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tó o ṣẹ̀ ni kó o lọ bá, kó o sì bá a níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n á ti gbọ́.”

Ìdí rèé tó fi jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́. Ojú ń tì mí, Bàámi. Ojú ń tì mí débi pé mo ní kí àbíkẹ́yìn yín má ti ẹ̀yìn mi wo bébà yìí.

Àárò yín ń sọ wá. Màámi ṣì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Àwọn oníbàárà ṣì ń wọlé, wọ́n á wo àga yín kí wọ́n tó kí mi. Ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn ẹnì kankan nínú wa, ó ti ṣe ọdún méjì, kò tíì dín.

Mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ bínú. Ẹ bínú dáadáa, ẹ̀tọ́ yín ni, èmi ni mo jí i lọ́wọ́ yín. Ẹ pè mí ní gbogbo orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ ti pè mí lọ́jọ́ náà. Mi ò ní sá. Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, Bàámi, kì í ṣe ọ̀gá kankan. Èmi ọmọ yín ni.