Mọ́tò Ọlọ́pàá Tí O Kùn Láìfọwọ́ Kan Ọ̀dà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìjókòó, nítorí àbúrò rẹ sọ pé orí ìjókòó lo ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ̀yìn kò ní dùn ọ́, ojú rẹ kò ní ṣe bàìbàì, iná kò ní lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ń gbóná lọ́wọ́ rẹ. Àmín. A dúpẹ́ pé ara wa le níbí. Àgbàrá òjò fẹ́ gbé ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo pe bíríkìlà, ó ní òun ń bọ̀, mi ò dúró, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí tó fi gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti parí. Àbúrò rẹ náà wà dáadáa, ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tó rà ń pariwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú bíírò ni pé a ti rí iṣẹ́ rẹ.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ìwọ àti bàbá rẹ ṣe rí látìgbà tí o ti fi ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà sílẹ̀, tí o ní mọ́tò ni ìwọ náà á máa kùn ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ, wọn a ní ọmọ àwọn ń ṣeré ní ìlú ńlá, wọn a sì máa fi sáńpépà ha irin wọn lọ. Wọn kì í pe orúkọ rẹ. Èmi tí mo lọ kíláàsì òwò ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí, mo sọ fún wọn pé ohun tí ènìyàn bá ń gbowó lé lórí kì í ṣe eré mọ́. Wọ́n tún mú sáńpépà wọn.

Àfi bí àbúrò rẹ ṣe gbé fóònù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ Sátidé kan, tó ní kí n wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n òun kùn sínú géèmù kan. Ọmọ mi, ẹnu mi là, kò sì padé bọ̀rọ̀. Mọ́tò ọlọ́pàá ni, dúdú àti funfun. Ilà búlúù kan gbéra láti ojú iná iwájú, ó gba ara ilẹ̀kùn méjèèjì kọjá, ó wá yí orí táyà ẹ̀yìn po bí omi tó ń ṣàn yí òkúta po, kò já, kò wọ́, àmì wúrà kan sì ń kọ mọ̀nà lára ilẹ̀kùn. Mo rí ìkúukùu tó ń rìn kọjá lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbójú sókè wo ojú ọ̀run tiwa, kò sí ìkúukùu kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ojú ọ̀run ìlú yín ni ọ̀dà rẹ ń fi hàn wá láti ibi tí o wà!

Ni mọ́tò náà bá gbéra. Àbúrò rẹ ló ń wà á, àbúrò rẹ tí kẹ̀kẹ́ ń bà lẹ́rù. Ẹ̀wù tó fi sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà, ó ń lé olè, àtàǹpàkò méjì péré ló fi ń lé e. Mo béèrè pé ọlọ́pàá tó ni mọ́tò dà, ó ní òun ni ọlọ́pàá báyìí. Mo ní ta ló gbà á síṣẹ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ráyè. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni mọ́tò ti forí sọ ògiri, ó takìtì, ó tún takìtì, gíláàsì fọ́ yángá. Mo figbe ta pé mo gbé o, iṣẹ́ ọmọ mi ti bàjẹ́. Bàbá rẹ ju sáńpépà sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Àbúrò rẹ kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó kàn tẹ nǹkan kan, mọ́tò náà sì tún dúró sójú ọ̀nà, ó ń dán gbinrin, kò sí ibi tó ha lára rẹ̀.

Bàbá rẹ ṣí fìlà. Wọ́n ní kó tún fi kọlu ògiri. Ó fi kọlù ú. Mọ́tò tún dìde, ó tún mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wá béèrè, ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú ilé àdúrà, pé irú ọ̀dà wo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ sọ nípa iṣẹ́ rẹ nìyẹn o. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń kun mọ́tò, wọn kò tíì rí ọ̀dà tó ń wo ara rẹ̀ sàn.

Èmi ní ìbéèrè tèmi, ti oníṣòwò. Àbúrò rẹ ní káàkiri ayé ni wọ́n ti ń wa mọ́tò kan yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo lo ṣe ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn? Ta ló ń ra epo sí i? Ògiri yẹn ńkọ́, tí wọ́n kọlù tí kò fọ́? Bíríkìlà yín mọṣẹ́ ju tiwa lọ, fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. O rántí ọ̀gá ọlọ́pàá wa tí a ń pè ní Ó-Dọ̀la, nítorí ohunkóhun tí o bá gbé lọ bá a ní àgọ́ wọn, á ní ó dọ̀la. Ó gbé mọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní wá fún wa láti tún kùn, ó ní ọ̀gá òun pátápátá ń bọ̀ wá bẹ àgọ́ wò. Ẹni tí kì í kánjú wá ń kánjú. Ó ní bí mọ́tò náà kò bá wu ọ̀gá òun, òun á kó gbogbo iṣẹ́ ìjọba lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun ẹ̀bá títì. Iṣẹ́ ìjọba ló sì gbé wa dúró. Tí ìyẹn bá lọ, ká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló kù.

Mo ní iṣẹ́ ọmọ wa la máa fi ṣe é. Bàbá rẹ dìde, wọ́n lọ po ọ̀dà búlúù. Mo ní kí àbúrò rẹ dá mọ́tò náà dúró sójú fóònù, kó gbé fóònù sórí àga, kó máa lọ síbi aṣọ tó ń rán. Èmi dúró ti bàbá rẹ, mò ń sọ ohun tí mo bá rí, wọ́n ń kùn ún. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ fo nǹkan kan. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì òwò pé ohun tí ojú bá rí ni kí oníbàárà gbà.

Nígbà tí àbúrò rẹ dé, ó wo mọ́tò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní dúdú àti funfun dára, ilà dára, àmì wúrà dára. Ṣùgbọ́n aago róbótó tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó ń sọ bí mọ́tò ṣe ń sáré tó, ó ní ara géèmù nìyẹn, kì í ṣe ara mọ́tò. Àkọlé tó ní mọ́tò yìí ló wà nípò kìíní, ara géèmù ni. Àmì bátìrì pupa tó ti fẹ́ tán, tí a kùn sára búùtù, ó ní ti fóònù òun nìyẹn. Mo ní kí ló dé tí kò sọ tẹ́lẹ̀, ó ní ṣé òun mọ̀ ni. Bí a ṣe fẹ́ máa pa á rẹ́ ni Ó-Dọ̀la yọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò pẹ́!

Ó rìn yí mọ́tò po. Ó fi ìka kan aago, ó ní kí nìyí. Mo ní olè ni yóò máa wò ó, kó lè mọ eré tí mọ́tò yìí lè sá, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ó mi orí. Ó ní bátìrì pupa ńkọ́. Mo ní ìyẹn wà fún ọ̀gá rẹ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé àgọ́ yìí nílò ìrànlọ́wọ́. Ọmọ mi, Ó-Dọ̀la bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọ̀gá pátápátá dé. Kò wo àwọn ọlọ́pàá tó tò dè é, mọ́tò ló ń wò. Ó fi ìka tọ ilà búlúù náà láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ pa ọmọ lára, ó wá béèrè ẹni tó ṣe é. Ó-Dọ̀la ní àwa ni. Bàbá rẹ ní rárá o. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ń kun mọ́tò ní ìlú ńlá ló ni iṣẹ́ náà, àwọn kàn wò ó ṣe ni. Wọ́n sì pe orúkọ rẹ, wọ́n pè é tán pátápátá, títí kan èyí tí ìyá wọn sọ ọ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní eruku ló kó sí mi lójú. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ká kun gbogbo mọ́tò tó wà lábẹ́ òun, ká má yọ nǹkan kan, ó sì ní kí wọ́n máa fún Ó-Dọ̀la ní epo, nítorí òun ti rí bátìrì.

Ti mọ́tò àkọ́kọ́, oríire ni; ilà yẹn lára àwọn yòókù ni ìṣòro wa báyìí. Orí táyà ẹ̀yìn ló ti ń já mọ́ bàbá rẹ lọ́wọ́. Tépù gígùn tí a fi ń tọ́ ilà kò ṣe é fà fún ẹnì kan, ìwọ lo sì máa ń di orí kejì mú fún wọn. Wọ́n so ó mọ́ irin fèrèsé, ó yẹ̀. Èmi dì í mú, wọ́n ní mo ń kánjú, mo ń fà á jù. Òótọ́ ni.

Nítorí náà, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, tètè ṣe é. Má fi sínú fóònù àbúrò rẹ, nítorí fóònù náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé òun ti kún, kò sí àyè mọ́, mi ò sì fẹ́ kí owó wá dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Fi agolo kékeré kan kún un nínú ọ̀dà tó ń wo ara rẹ̀ sàn, nítorí Ó-Dọ̀la ti fi mọ́tò ha ògiri àgọ́. A ti tẹ gbogbo ibi tó ṣe é tẹ̀ lára mọ́tò náà, kò padà sípò.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ilà rẹ kò ní já lójú ẹni tí yóò gbé ọ ga. Gbogbo mọ́tò tí o bá kùn, ire ni wọn yóò máa lé bọ̀ nílé rẹ.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé, bàbá rẹ ní kí n dúró. Wọ́n ti wà lẹ́yìn mi láti ọjọ́ yìí, wọ́n ń fi tépù wé ìka. Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé nígbà tí o bá ń fa ilà gígùn yẹn ní ọ̀hún, ta ló ń bá ọ di orí kejì mú? Wọ́n ní bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ àwọn dilẹ̀ ní Sátidé, àwọn lè wọ mọ́tò àárọ̀ wá.

Tètè fèsì, kí n lè bá wọn fọ aṣọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.